Bí baseball Amẹ́ríkà ṣe gba agbábọ́ọ̀lù dúdú wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹ́ wọn

Kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kí aláwọ̀ dúdú má gbá baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Ẹnu àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló kò. Moses Fleetwood Walker, aláwọ̀ dúdú, ti gbá a fún Toledo ní líìgì ńlá lọ́dún 1884, àmọ́ ní 1887 International League, líìgì kékeré kan, dìbò pé àwọn ò ní gba dúdú tuntun mọ́. Kò pẹ́ táwọn líìgì yòókù fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 60 ọdún.

Àwọn dúdú wá dá tiwọn sílẹ̀. Ní 1920, Rube Foster kó àwọn tó ni ẹgbẹ́ jọ sí Kansas City, wọ́n sì dá Negro National League sílẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró: inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó oṣù, epo bọ́ọ̀sì àti owó pápá tí wọ́n ń háyà lọ́wọ́ òyìnbó. Bí ìràwọ̀ méjì bá kúrò tí èrò sì dín, ẹgbẹ́ wọ gbèsè nìyẹn.

Branch Rickey, tó ń darí Brooklyn Dodgers ní líìgì ńlá, ló já àdéhùn ẹnu náà. Ní oṣù kẹjọ 1945 ó pe Jackie Robinson ti Kansas City Monarchs, ẹgbẹ́ àwọn dúdú: 600 dọ́là lóṣù, 3,500 nígbà tó bá tọwọ́ bọ̀wé. Ó kọ́kọ́ fi í sí Montreal, ẹgbẹ́ kékeré Dodgers, lọ́dún 1946, kó tó mú un jáde ní Brooklyn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1947. Monarchs kò rí dọ́là kan gbà. Rickey ní líìgì àwọn dúdú kì í ṣe líìgì gidi, pé àdéhùn wọn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta ló sì fẹ́ pè é lẹ́jọ́? Ẹgbẹ́ dúdú tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, lójú àwọn èrò tirẹ̀ gan-an ló máa dà bí ẹni tó ń dínà mọ́ Robinson.

Nínú oṣù keje ọdún yẹn, Cleveland, ẹgbẹ́ líìgì ńlá mìíràn, ra Larry Doby lọ́wọ́ Newark Eagles, ẹgbẹ́ àwọn dúdú. Wọ́n san 10,000 dọ́là, wọ́n sì fi 5,000 lé e nígbà tí Doby dúró. Effa Manley tó ń darí Eagles sọ fún Bill Veeck, tó ni Cleveland, pé ká ní funfun ni Doby, 100,000 ni ì bá san. Òótọ́ ló sọ, ó sì gbà á, torí pé òfo ni àwọn mìíràn gbà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá Eagles. Ní 1946 tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ, èrò tó wá wò wọ́n tó 120,000. Ní 1947 ó já sí nǹkan bí 57,000. Èrò Newark ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo Robinson ní Brooklyn. Nígbà tí 1948 parí, Negro National League kejì, tó rọ́pò ti Foster, ti kógbá sílé.

Agbábọ́ọ̀lù nìkan ni ilẹ̀kùn náà sì gbà, ìyẹn náà díẹ̀díẹ̀: 1959 kí Boston Red Sox tó mú Pumpsie Green jáde, òun ni wọ́n fi kásẹ̀ nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ 16. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ kò ríbi gbà. Buck O'Neil, tó ti darí Monarchs, di olùkọ́ni ní Chicago Cubs ní 1962, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò fi ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ ní líìgì ńlá rí. Frank Robinson ni dúdú àkọ́kọ́ tó darí ọ̀kan, ní Cleveland, 1975. Jackie ti kú ní 1972.

Ní ìparí 2020 ni àwọn aláṣẹ líìgì ńlá tó gbà pé líìgì dúdú méje tó wà láàárín 1920 sí 1948 jẹ́ líìgì ńlá, wọ́n sì da àkọsílẹ̀ iye tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn gbá pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù ní 2024. Wọ́n máa ń mú iye ìgbà tí ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù tó sì fi dé bésì, wọn á fi iye ìgbà tó dúró gbá a pín in. Josh Gibson ti líìgì dúdú wá ní .372, ó ré kọjá Ty Cobb, òyìnbó tó wà lókè tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú .367. Àmọ́ ìdíje líìgì 60 sí 80 ni àwọn dúdú ń gbá lọ́dún, àwọn funfun 154; ìdíje ìrìnkèrindò, èyí tí wọ́n ń gbá láti ìlú dé ìlú láìsí nínú líìgì, tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, kò wọ ìṣirò. Ìdí nìyí tí ìpín fi sún sókè tí àpapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Willie Mays, ìràwọ̀ tó kọ́kọ́ gbá fún ẹgbẹ́ dúdú kan ní Birmingham, rí ìgbà 10 tó gbá dé bésì níbẹ̀ ní 1948 gbà, àpapọ̀ rẹ̀ di 3,293. Ìwé ìròyìn ní ó gbá home run kan (bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ kí ẹni tó gbá a sáré yí gbogbo bésì ká) lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí àkọsílẹ̀ kíkún ìdíje náà, nítorí náà home run 660 ló ṣì wà lórúkọ rẹ̀.