Oògùn tí a kì í rún lẹ́nu: ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Lóṣù tó kọjá, mọ́mì kan wọlé wá bá mi ní fámásì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mushin, inú ń bí wọn gan-an, wọ́n ju náílọ̀n dúdú kékeré kan sórí káńtà. "Dókítà, wò ó, oògùn BP tẹ́ ẹ tà fún mi nìyí o, bí mo ṣe gbé e mì náà ló ṣe bá ìgbẹ́ jáde, kò yọ́ rárá, ṣé féèkì lẹ wá ń tà fún wa ni?" Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ti yíjú sí wa. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo tú tíṣù tí wọ́n fi wé e, tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, roboto bó ṣe máa ń rí, àmọ́ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ó rọ̀ bíi rọ́bà tí omi wọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, ihò bíńtín kan wà lójú ẹ̀. Mo ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀, èyí kì í ṣe oògùn mọ́, èèpo ẹ̀ ni. Bí èèpo ẹ̀pà. Ara yín ti jẹ ẹ̀pà inú ẹ̀ tán." Mo wọn BP wọn níwájú gbogbo èèyàn, ó ti wálẹ̀ ju ti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìtàn èèpo yẹn, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ní kẹ́nì kan má rún oògùn ẹ̀, ó máa ń ṣe wọ́n bíi pé àṣẹ lásán ni mò ń pa, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ wá a.

Alejandro Zaffaroni lorúkọ ẹni náà. Montevideo, olú ìlú Uruguay, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1923, ó kàwé níbẹ̀, ó wá jàpá lọ sí Amẹ́ríkà kí ọ̀rọ̀ jàpá tó délẹ̀ yìí rárá. Ó gba PhD nínú biochemistry ní University of Rochester lọ́dún 1949, iṣẹ́ lórí họ́mọ̀nù ló sì gbájú mọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1951 ó tún ṣí lọ, Mẹ́síkò ló kọrí sí lọ́tẹ̀ yìí, sí kọ́ńpìnnì kan tí wọ́n ń pè ní Syntex. Syntex yìí, inú isu ni wọ́n ti ń rí họ́mọ̀nù wọn o. Mo ní isu! Kì í ṣe irú tí à ń gún, isu inú igbó Mẹ́síkò ni, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Russell Marker ló rí i pé èèyàn lè mú nǹkan kan jáde nínú ẹ̀ tí wọ́n á sọ di họ́mọ̀nù obìnrin, òun àtàwọn méjì míì ni wọ́n sì dá Syntex sílẹ̀ lọ́dún 1944. Ọdún tí Zaffaroni débẹ̀ náà ni Luis Miramontes, Carl Djerassi àti George Rosenkranz ṣe norethisterone, họ́mọ̀nù àtọwọ́dá tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún, Zaffaroni kọ́ ló ṣe é, àmọ́ ilé kan náà ni wọ́n jọ wà. Àwọn obìnrin tó ń lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù méjì-méjì ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí níbí, ọmọ norethisterone yẹn ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀gá ni wọ́n wá fi Zaffaroni jẹ nígbà tó yá, òun ló kó iṣẹ́ ìwádìí Syntex wá sí Palo Alto ní California. Àmọ́ nǹkan kan ò jẹ́ kó sùn. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ara ṣe ń ṣe họ́mọ̀nù tiẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ara ń tú u sílẹ̀, tọ̀sán tòru, kì í dà á lẹ́ẹ̀kan. Oògùn tí àwa ń gbé mì wá ńkọ́? Bí iná NEPA ni, á ga burúkú láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á di àáfù kọ́rẹ́ǹtì, èèyàn á tún gbé òmíì mì. Ó ní kì í ṣe agbára oògùn nìkan ni ká máa wò, ká wo bó ṣe ń wọ ara pẹ̀lú. Lọ́dún 1968 ó fi Syntex sílẹ̀, ó kó owó ara ẹ̀ lé e, ó dá kọ́ńpìnnì tiẹ̀ sílẹ̀, ALZA. AL látinú Alejandro, ZA látinú Zaffaroni.

Kò rọrùn o. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde lọ́dún 1974 ni oògùn ojú kan fún glaucoma, àrùn tó lè fọ́ni lójú, pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń tì sábẹ́ ìpéǹpéjú, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 7 dípò kéèyàn máa kán oògùn sójú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ọgbọ́n gidi, àmọ́ kò tà. Àwọn àgbàlagbà tó nílò ẹ̀ ò rí i fi sójú dáadáa. Lẹ́yìn ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí dé, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kó èébì báni, ọjọ́ 3 ló fi ń ṣiṣẹ́ (tẹ́ ẹ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí CMS nígbà tí ọ̀sà ń ru, ẹ mọ ìdí tẹ́nì kan á fi wá irú ẹ̀). Látibẹ̀ náà ni èyí tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá ń lẹ̀ mára ti jáde.

Èèpo tèmi wá ńkọ́? Felix Theeuwes, ọmọ Belgium tó ń ṣiṣẹ́ ní ALZA, àlejò bíi ti ọ̀gá ẹ̀, ló wà nídìí ẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ní ìpele méjì. Ti òkè ni oògùn, ti ìsàlẹ̀ kì í ṣe oògùn rárá, nǹkan tó máa ń wú tí omi bá kàn án ni, bíi gàrí. Èèpo kan bò wọ́n yíká tó ń jẹ́ kí omi wọlé àmọ́ tí kì í jẹ́ kí oògùn gba ara ẹ̀ jáde, wọ́n wá fi iná lésà lu ihò kan ṣoṣo síbi tí oògùn wà. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì, omi inú ikùn á máa wọlé, gàrí ìsàlẹ̀ á máa wú, kò ríbi gbà, á máa ti oògùn, oògùn á máa gba ojú ihò yẹn jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí 24. Ẹni tó bá ti rẹ gàrí sínú kọ́ọ̀pù kékeré rí, tó padà dé tó bá a lórí tábìlì, mọ agbára tí mò ń wí. Ọdún 1989 ni oògùn BP tó ń jẹ́ nifedipine bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú irú èèpo yìí ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá wá rún un, tàbí ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín, oògùn ọjọ́ kan gbáko ló dà sínú ara lẹ́ẹ̀kan náà yẹn, BP á já wálẹ̀ lójijì, òòyì á kọ́ èèyàn, ó lè ṣubú sí balùwẹ̀.

Zaffaroni dá àwọn kọ́ńpìnnì míì sílẹ̀ lẹ́yìn ALZA, DNAX lọ́dún 1980, Affymax lọ́dún 1988, Ààrẹ Clinton fún un ní National Medal of Technology lọ́dún 1995, ó sì kú lọ́dún 2014, ẹni ọdún 91.

Mọ́mì yẹn padà wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú àbúrò wọn obìnrin dání, wọ́n ní kí n fi èèpo hàn án. Mo ti fọ ọ̀kan mọ́, ó wà nínú ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn BP. Àbúrò wọn wò ó títí, ó ní tòun máa ń há òun lọ́fun, rírún lòun máa ń rún un látoṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní kó mú páálí oògùn ẹ̀ wá. XL ló wà lẹ́yìn orúkọ ẹ̀, àmì pé díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa jáde, kì í ṣe rírún. Mo wọn BP ẹ̀ ní ìjókòó, mo wọ̀n ọ́n ní ìdúró, mo kọ méjèèjì sí bébà pẹ̀lú ohun tó sọ fún mi, mo ní kó mú un lọ fún dókítà ẹ̀ lọ́jọ́ Monday kí wọ́n bá a wá èyí tó kéré tó lè gbé mì.