Ìlù Tàbí Ọ̀rọ̀: Ibi Tí Àríyànjiyàn Ráàpù Yorùbá Ti Bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó

Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n sábà máa ń kà sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ráàpù lọ́rùn ní Mushin, Bariga tàbí Ṣómólú. Ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, àmọ́ kò mọ bíìtì, ìyẹn ìlù tí wọ́n fi ẹ̀rọ tò sábẹ́ ọ̀rọ̀, í gùn. Ẹlòmíì á ní ó gun bíìtì dáadáa, àmọ́ kí ló sọ gan-an? Àwọn tó ń jiyàn yìí rò pé ọ̀rọ̀ ohun tó wu kálukú ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú èdè wa àti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe bíìtì ni ìjà náà ti wá.

Hip-hop kò fi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, DJ Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà tó ń gbé ní Bronx, New York, ló ṣe DJ níbi àríyá tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe. Ohun tí wọ́n wá fi mọ̀ ọ́n ni bó ṣe máa ń gbé ẹ̀dà méjì àwo kan náà sórí ẹ̀rọ méjì, kí ibi tí ìlù nìkan ti ń dún lè máa padà wá fún àwọn oníjó. Ẹni tó bá di maikirofóònù mú, ìkíni àti ìwúrí ṣókí ló ń ṣe. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ tó gùn. Lọ́dọ̀ tiwa, òdìkejì ni. Akéwì, onírárà àti oníjàálá lè dá dúró láìsí ìlù kankan, kí àwọn èèyàn sì máa ná owó fún wọn. Etí ewì ni Yorùbá fi ń gbọ́ ráàpù, ìdí sì nìyí tí kò fi sí bí ìjà ò ṣe ní í ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé.

Àmọ́ ìjà náà kò tètè bẹ́ sílẹ̀. Ronnie Ekundayo ti gbé àwo tó ní ráàpù nínú jáde ní 1981, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ṣe é. Títí di ìparí àwọn ọdún 1990, bíìtì àyálò ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò. Orin tó sọ ẹgbẹ́ olórin The Remedies di ìlúmọ̀ọ́ká, orí bíìtì MC Lyte ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e lé, MC Lyte náà sì ti yọ ohùn inú tirẹ̀ láti ara orin Michael Jackson. Sìtúdíò wọ́n, àwọn tó lè to ìlù ò pọ̀. Bíìtì tí gbogbo èèyàn sì ti mọ̀ láti ilé, ta ni yóò máa jiyàn lé e lórí? Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n.

Kọ̀ǹpútà ló yí i padà. FruityLoops, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìlù, tó ń jẹ́ FL Studio báyìí, jáde ní 1997. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ó ti wọ yàrá àwọn ọ̀dọ́ Mainland, òun àti Cool Edit Pro tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti ń to ìlù nínú FruityLoops, àpótí kéékèèké 16 ló wà fún bar kan, ìyẹn ìlù mẹ́rin tí a bá kà á. Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà. Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyókù mì. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn sílébù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, nítorí náà sílébù kan lè jókòó sínú àpótí kan láìfún ara rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá gbé flow Amẹ́ríkà, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń bá ìlù rìn, wọ Yorùbá láìtún un ṣe, á máa fa ibi tí kò yẹ kó fà, á sì máa gé ibi tí ìtumọ̀ wà.

Ẹ ka ìlà méjì yìí:

Láti Mushin dé Yaba, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn,
Àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín ti ń tò bọ̀ lẹ́yìn.

Sílébù 13 ló wà nínú ti àkọ́kọ́, 14 nínú ti ìkejì, torí pé «ń» kọ̀ọ̀kan gba àpótí tirẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ṣẹ́ máa ń gbàgbé nìyẹn. Wọ́n á kà á sí 12, ìlà á wá gba àyè ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n á sì ní bíìtì ni kò dáa. Ní BPM 90, ìyẹn ìlù 90 nínú ìṣẹ́jú kan, bar kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2.67, bar 16 sì ń gba 43. Àpótí méjì tàbí mẹ́ta tó ṣófo ní ìparí ìlà ni èémí ń gbà wọlé. Ẹni tó bá kún gbogbo 16 lórí bar mẹ́rin léra wọn, ohùn rẹ̀ á ti rẹ̀ kó tó dé ìkẹfà.

Ti ìparí ìlà tó ń bára mu ńkọ́? Fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 péré la ní, kò sì sí sílébù wa tó ń parí sí kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà fáwẹ̀lì tó bára mu pọ̀ bí ilẹ̀. Ohùn ló wọ́n. «Rìn» àti «lẹ́yìn» bára mu torí pé ohùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì. Fi «ẹ̀rín» rọ́pò «lẹ́yìn», etí á kọ̀ ọ́. «Owó» bá «ìjó» lọ, kò bá «òwò» lọ. Èyí tó burú jù ni kí ráápà tẹ ohùn ọ̀rọ̀ kó lè bá ìlù mu, kí «ọkọ̀» di «ọkọ». Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn olórin ṣe, tí wọ́n bá yí i jù, máa ń ṣe irú ìpalára kan náà: ó ń fa sílébù kọ̀ọ̀kan sórí nóòtì tó sún mọ́ ọn jù, ìyàtọ̀ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sì lè parẹ́.

Lord of Ajasa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé Yorùbá lè gbé odindi orin ráàpù, ní ilé iṣẹ́ orin Coded Tunes níbi tí ID Cabasa ti ń ṣe bíìtì. Nígbà tó di 2009, Dagrin gbé C.E.O jáde, Sossick ló sì ṣe bíìtì «Pon Pon Pon» inú rẹ̀. Lójú tiwa, àwo yẹn ló mú kí àwọn oníbíìtì àti àwọn ọlọ́rọ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀: bíìtì náà le, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń dún ketekete sétí. Ó dunni pé kò pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní ilé ìwòsàn LUTH ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2010, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ní Mushin. Olamide láti Bariga gbé Rapsodi jáde ní 2011. Nígbà tó di 2015, Reminisce pe Olamide àti Phyno, wọ́n sì sọ orin wọn ní «Local Rappers», orúkọ tí wọ́n ti fi ń bú àwọn tó ń fi èdè abínibí ṣe ráàpù.

Ìṣòro tuntun dé pẹ̀lú gángan. Oníbíìtì á gé ìlù gángan kékeré kan, á máa yí i po. Gángan ń sọ̀rọ̀. Etí Yorùbá á máa wá ohun tó ń wí, ọkàn á kúrò lọ́dọ̀ ráápà. Ibi tó yẹ ẹ́ ni àpótí tó ṣófo, tàbí ibi ègbè. Bí bíìtì bá jẹ́ MP3 kan ṣoṣo tí wọ́n wà jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣòro kí ẹ tó lè dín gángan nìkan kù. Ẹ gba fáìlì ìlù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Kí ẹ sì gé ohun tó bá wà lábẹ́ nǹkan bí 80 Hz nínú ohùn ráápà, torí ibẹ̀ ni ariwo jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé.

Nígbà tí ijó shaku shaku gba ìgboro ní nǹkan bí 2017 sí 2018, eré bíìtì tún dá ìjà náà sílẹ̀. Ní BPM 112, bar kan kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 2.14 lọ. Ìlà onísílébù 14 tó ń lọ ní márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tẹ́lẹ̀ á di mẹ́fà àtààbọ̀. Àwọn olórin wá ń gé ọ̀rọ̀ kù, wọ́n ń tún ọ̀kan sọ léraléra, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń pariwo pé òye ti tán. Òye ò tán. Àyè ló kéré.

Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ láàárín wọn, kó jẹ́ kí ráápà ṣe bar 8 lórí bíìtì, kó wá pa ohùn bíìtì láìdá bíìtì dúró, kí ráápà máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, kó sì dá ohùn bíìtì padà ní bar 13. Bí ọ̀rọ̀ àti ìlù bá pàdé, ó mọ bíìtì. Bí àwọn tó ń gbọ́ bá lè tún ìlà kan sọ lára ohun tó wí nínú bar mẹ́rin tí bíìtì fi dákẹ́ yẹn, ó ní ọ̀rọ̀. Bó bá ti ṣáájú ìlù, àpótí èémí ló fò. Bó bá sì wà lẹ́yìn, ẹ lọ ka àwọn «ń» inú ìwé rẹ̀.