Àdúrà gẹ́gẹ́ bí àjọṣe pẹ̀lú Ọlọ́run láàrin àwọn Krìstẹ́nì Èkó

Nínú ẹ̀sìn Krìstẹ́nì, àdúrà ni bíbá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ àti fífetí sí ohùn rẹ̀. Ìyìn, ìdúpẹ́, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìtọrọ àti ẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbàgbọ́ gbà pé ohun tó so wọ́n pọ̀ ni àjọṣe tó ń jinlẹ̀ sí i láàrin ẹni tó ń gbàdúrà àti Ọlọ́run tó ń pè ní Baba.

Ìpìlẹ̀

Jésù ní kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà wọ iyẹ̀wù rẹ̀ lọ, kó sé ìlẹ̀kùn (Mátíù 6:6). Nínú Jòhánù 15:15, ó pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní ọ̀rẹ́. Róòmù 8 sọ pé Ẹ̀mí ló ń mú onígbàgbọ́ ké pe "Ábà, Baba". Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Teresa ti Ávila, ẹni mímọ́ àwọn Àgùdà ní Sípéènì, ṣàpèjúwe àdúrà inú ọkàn bí ọ̀rọ̀ láàrin ọ̀rẹ́.

Ní Èkó

Àwọn oníwàásù CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fìdí múlẹ̀ sí Èkó ní 1852. Àdúrà inú ìwé ni wọ́n mú wá: Àjàyí Crowther túmọ̀ Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà sí Yorùbá, àlùfáà á kà, ìjọ á dáhùn. Kò yẹ kí a fojú kéré èyí, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà ló há ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀ sórí, tí wọ́n sì ń fi í gbàdúrà nígbà tí ọ̀rọ̀ tiwọn bá tán.

Ìyípadà tó hàn jù lọ dé ní 1925. Ní oṣù Kẹfà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Kristiánà Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de Corpus Christi (àjọ̀dún Ara Krístì) àwọn Àgùdà ní Campos ní Èkó. Ó sọ pé òun rí áńgẹ́lì, ó sì wà nínú ìran fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń gbé Èkó nígbà náà, ó sì gbàdúrà fún un títí ara rẹ̀ fi wálẹ̀. Láàrin ọdún náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀, tó padà di Kérúbù àti Séráfù. Bàbá Aládùúrà ni àwọn èèyàn ń pe Orímọládé.

Bí ìran náà ṣe lókìkí tó, ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni irú ẹni tó ń gbàdúrà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹgbẹ́ àdúrà ni, kì í ṣe ìjọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣì ń lọ sí ìjọ tiwọn. Obìnrin, oníṣòwò, ẹni tí kò mọ̀wé kà, gbogbo wọn ń fi ẹnu ara wọn bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láìka ìwé, pẹ̀lú sáàmù, ààwẹ̀ àti àìsùn. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ìdí tí ẹgbẹ́ náà fi tàn kíákíá. Josiah Akíndáyọ̀mí, tó ti wà nínú Kérúbù àti Séráfù, ló dá ìjọ Redeemed (RCCG) sílẹ̀ ní Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́ta ní 1952.

Ìṣe ojoojúmọ́

Àdúrà ìdílé ní ìdájí kí oníṣẹ́ tó jáde, kíka Bíbélì ní ìdákẹ́jẹ́, rosárì láàrin àwọn Àgùdà, àti àìsùn òru Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àwọn olùkọ́ kan ń kìlọ̀ pé àdúrà tó bá jẹ́ kìkì lílé ọ̀tá lè máà fi àyè sílẹ̀ fún fífetísílẹ̀. Àwọn mìíràn ń fèsì pé Sáàmù 35 àti 109 náà ké pe Ọlọ́run nítorí ọ̀tá.