Ẹjọ́ owó àti dúkìá láàárín tọkọtaya tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ ní England àti Wales

Ní England àti Wales, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kì í pín owó. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni tọkọtaya kò ti ní láti ka ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn fún adájọ́ mọ́ kí wọ́n tó tú ká, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilé, gbèsè àti owó ìfẹ̀yìntì dá dúró lọ́tọ̀. Ẹni tó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láìgba àṣẹ kóòtù lórí owó kò tíì bọ́. Nínú ẹjọ́ Wyatt v Vince lọ́dún 2015, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà kí ìyàwó àtijọ́ kan máa bá ẹjọ́ tó pè lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọdún 18 tí wọ́n ti kọra sílẹ̀ kó tó pè é. Ọkọ náà kò ní kọ́bọ̀ nígbà tí wọ́n jọ wà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló di olówó nídìí iná mànàmáná tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ṣe.

Kí ènìyàn tó pẹjọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí olùlàjà kan tí yóò ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe lè yanjú láìdé kóòtù. Òfin yọ àwọn kan sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé. Form A ni wọ́n fi ń pẹjọ́, ìjókòó àkọ́kọ́ sì yẹ kó wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pẹjọ́.

Orí Form E, fọ́ọ̀mù tí kálukú fi ń ka ohun tó ní àti gbèsè rẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Tọkọtaya á kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà kan náà, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ku ọjọ́ 35 sí ìjókòó àkọ́kọ́. Ilé àti gbèsè orí rẹ̀, owó oṣù, okòwò, owó ìfẹ̀yìntì, títí kan ilẹ̀ tó wà lókè òkun, kò sí èyí tí wọ́n lè fò. Àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 12 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkejì á wá máa kà á ní ìlà dé ìlà, á sì kọ ìbéèrè sílẹ̀: ta ló gba 4,000 pọ́ùn tó jáde ní oṣù kẹta? Ní ìjókòó àkọ́kọ́ ni adájọ́ máa ń sọ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn nínú àwọn ìbéèrè náà. Ẹni tó bá fi dúkìá pamọ́ nínú Form E fi iná sórí òrùlé sùn ni: nínú ẹjọ́ Sharland àti ti Gohil, tí wọ́n dá lọ́dún 2015, irọ́ ọkọ ló tú àdéhùn tí tọkọtaya ti ṣe.

Ìjókòó kejì, FDR (Financial Dispute Resolution, ìyẹn ìjókòó láti yanjú ọ̀rọ̀ owó), kì í ṣe ìgbẹ́jọ́ gan-an. Lẹ́yìn tí lọ́yà méjèèjì bá ti rojọ́, adájọ́ á sọ ibi tó rò pé ìdájọ́ máa já sí, wọ́n á sì bọ́ síta lọ máa dúnàá-dúrà, nígbà mìíràn títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò ṣeé fi ta ko wọn lẹ́yìn náà, adájọ́ ọ̀hún kò sì ní jókòó sórí ẹjọ́ náà mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ń parí síbẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nítorí pé kálukú ló sábà máa ń san owó lọ́yà tirẹ̀, inú dúkìá tí wọ́n fẹ́ pín gan-an ni owó náà sì ti ń jáde.

Bí wọn kò bá gbà, adájọ́ mìíràn á gbọ́ ẹ̀rí, á sì fi apá 25 nínú òfin Matrimonial Causes Act 1973 dájọ́. Ire àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni yóò kọ́kọ́ wò, kó tó kan ọjọ́ orí, àìní, agbára àtiṣiṣẹ́ àti bí ìgbéyàwó ṣe pẹ́ tó. Láti ìgbà ẹjọ́ White v White lọ́dún 2000, ẹni tó dúró sílé tọ́mọ kò rẹlẹ̀ sí ẹni tó ń wá owó wọlé mọ́ lójú òfin, ìdajì-ìdajì ni wọ́n sì fi ń wọn ìpín. Adájọ́ lè ní kí wọ́n ta ilé, kí ẹnì kan máa san owó ìtọ́jú, tàbí kí wọ́n gé lára owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹni tó kọ ìyàwó tàbí ọkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn náà lè tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù láti pe ẹjọ́ owó ní England àti Wales lábẹ́ òfin ọdún 1984. Èyí tí àwọn lọ́yà mọ̀ jù ni Agbaje v Agbaje. Kóòtù ní Nàìjíríà ti fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ilé kan l'Ékòó títí ayé rẹ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀. Lọ́dún 2010, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i kí ó gba ìdá 65 nínú 100 lára owó ilé wọn ní London, lórí àdéhùn pé kó yọwọ́ nínú ilé Èkó.