Awò Òru Lórí Ìbọn: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Ọdẹ Coyote ní Texas

Fídíò àwọn ọdẹ Texas tó ń pa coyote nínú òkùnkùn biribiri ti ń kárí WhatsApp. Igbó dúdú, ẹranko funfun báláú, ìbọn dún, ẹranko ṣubú. Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, àwọn ará wa tó ń gbé lágbègbè Houston sì ń bèèrè irú awò tó yẹ kí àwọn rà.

Kí ni coyote?

Ẹranko apẹranjẹ ni, ìbátan ajá. Kò tóbi tó ìkookò, ṣùgbọ́n ó ń pa àgùntàn, ewúrẹ́ àti ọmọ màlúù.

Ṣé òfin gbà kí èèyàn pa á lóru?

Ní Texas, bẹ́ẹ̀ ni, lórí ilẹ̀ aládàáni, bí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọdẹ, àyàfi tí coyote náà bá ń kọlu ẹran ọ̀sìn tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ú. Ẹ má yìnbọn láti ojú títì ìjọba. Àgbọ̀nrín kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: bí oòrùn bá ti wọ̀ tó sì ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ míì ní òfin tirẹ̀.

Ṣé awò òru àti thermal kì í ṣe nǹkan kan náà?

Rárá, ibí gan-an ni àwọn tó ń rà á ti ń ṣìnà. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Èkíní ń gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àti ìràwọ̀, ó sì ń sọ ọ́ di púpọ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò ní Vietnam. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá sí rárá, kò lè rí nǹkan kan. Èkejì jẹ́ kámẹ́rà dígítà tó ń tan iná infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kì í sábà rí, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Nanometer ni wọ́n fi ń wọn irú iná náà: iná 850 nanometer ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjú sí i lè rí ẹ̀yinná pupa kékeré. Ti 940 kì í hàn, kì í sì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni thermal, tí kò nílò ìmọ́lẹ̀ kankan: ooru ara ló ń kà. Òun ni ẹ rí nínú fídíò.

Àwọn bàbá wa tó ń dọdẹ òru nílé mọ̀ pé ojú ẹran máa ń tàn bí iná orí bá bá a, àwọ̀ ojú náà àti bó ṣe ga sílẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹran. Dígítà ṣì ń fi ojú tó ń tàn yẹn hàn. Thermal kì í fi í hàn. Ooru lásán lẹ máa rí, láìsí àwọ̀ irun. Bí ajá aládùúgbò yín bá já wọ pápá lóru, òun àti coyote lè jọra bí ìbejì.

Ṣé thermal ń rí inú ilé onílé?

Rárá. Kò lè rí kọjá gíláàsì fèrèsé pàápàá, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi germanium, ohun kan tó ń jẹ́ kí ooru kọjá, ṣe lẹ́ńsì rẹ̀.

Wọ́n kọ 1,800 mítà sára páálí awò thermal. Ṣé mo lè yìnbọn jìnnà bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Rírí pé nǹkan kan wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí mímọ ohun tó jẹ́, rírí lásán sì ni páálí ń sọ. Èèyàn tó dúró ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹranko. Láti 1958 ni John Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, ti gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò. Tí a bá fi píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, kà á, nǹkan bíi 2 tó láti rí i pé ohun kan wà, 8 láti mọ irú ohun tó jẹ́, 13 láti dá a mọ̀ dájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní píksẹ́lì thermal yín jẹ́ 12 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), tí lẹ́ńsì rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 50. Ní 100 mítà, píksẹ́lì kan bo sẹ̀ǹtímítà 2.4. Ẹ fi gíga coyote sí sẹ̀ǹtímítà 50. Ní 150 mítà, ẹ ní bíi píksẹ́lì 14 lórí rẹ̀. Ní 300 mítà, ó ku 7. Ní 600 mítà, bíi 3 péré. Awò 1,800 mítà yẹn kò lè mú un dá yín lójú pé coyote ni, kì í ṣe ajá, kọjá nǹkan bíi 150 mítà. Bọ́tìnnì tó ń fẹ àwòrán kò fi píksẹ́lì kan kún un.

Èwo ni kí n wá rà?

Ilẹ̀ tí ẹ ó ti dọdẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí igbó bá dí, tí ẹ kò lè ríran kọjá 100 mítà, dígítà ti tó. Bó bá jẹ́ pápá gbalasa, ẹ wá thermal tí píksẹ́lì rẹ̀ lójú ìbú jẹ́ 640, kì í ṣe 384, tó ní lẹ́ńsì mìlímítà 50. Ẹ wo mK rẹ̀, ìyẹn ìyàtọ̀ ooru tó kéré jù tó lè rí: èyí tó kéré ló dára, pàápàá fún alẹ́ tí ọ̀rinrin pọ̀, nítorí kùrukùru àti òjò ń pa thermal lójú. Ẹ yẹra fún 9 Hz (àwòrán mẹ́sàn-án péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan), torí ẹranko tó ń sáré á máa fò káàkiri lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn sì ṣe pàtàkì: bí ẹ bá tò ìbọn kí ọta .223 (irú ọta ìbọn kan) lè bá ojú ibi tí ẹ wò ní 100 yáàdì, ọta náà máa ń já sísàlẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ní 300 yáàdì, ojú lásán kò sì lè wọn jíjìn nínú òkùnkùn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, thermal kékeré ọwọ́ ni màá fi wá ẹran, dígítà ni màá sì gbé sórí ìbọn láti fi mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí n kò lè fi awò orí ìbọn wá ẹran?

Nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá wò ni ẹ ti na ìbọn sí. Ó lè jẹ́ onílẹ̀ tó jáde wá wo màlúù rẹ̀.

Físà ni mo fi wà ní Amẹ́ríkà. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín gan-an. Òfin àpapọ̀ kà á léèwọ̀ kí ẹni tó ní físà onígbà díẹ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tí ìwé àṣẹ ọdẹ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Oní-green card kò sí nínú èèwọ̀ yìí. Ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi jẹ́ ọdẹ nílé. Ṣé mo lè gbé ọ̀kan sínú ẹrù lọ fún wọn?

Ohun tí mo bẹ̀rù jù nìyí, nítorí ìfẹ́ ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ awò òru àti thermal ni òfin Amẹ́ríkà kò gbà kó jáde kúrò nílùú láìgba àṣẹ. Ní 2007, iléeṣẹ́ ITT gbà pé àwọn jẹ̀bi nítorí ìmọ̀ awò òru tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun láìgba àṣẹ, owó tí wọ́n ní kí wọ́n san sì jẹ́ mílíọ̀nù 100 dọ́là. Ẹ ra iná orí LED tó mọ́lẹ̀ dáadáa àti bátìrì rẹ̀ fún bàbá.