Ìpínlẹ̀ 36 ti wà: kí ni àwọn tó ń béèrè ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn tún ń wá?

Ẹkùn mẹ́ta péré ni Nàìjíríà ní tẹ́lẹ̀. Ó ti di ìpínlẹ̀ 36 báyìí. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ pín?

Àṣẹ ló kù. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń pín fún wa láti ọdún 1967, bí ilẹ̀ náà sì ṣe ń kéré sí i ni agbára ń kóra jọ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo àtúntò àti ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn kò sọ pé kí wọ́n tún gé orílẹ̀-èdè yìí wẹ́wẹ́ sí i. Wọ́n ní kí ìjọba tó sún mọ́ aráàlú jù lọ ní àṣẹ lórí ààbò, lórí ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, àti lórí owó tó bá pa.

Àṣẹ wo ni ẹkùn ní nígbà náà tí gómìnà òde òní kò ní?

Ìwé òfin ọdún 1954 ló fi ẹsẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ẹlẹ́kùn mẹ́ta múlẹ̀: Àríwá, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1957, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara wọn, ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira. Àríwá gba tirẹ̀ ní 1959. Nígbà tí òmìnira fi máa dé, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tirẹ̀, ó tún ní aṣojú tirẹ̀ ní London. Ìwé òfin 1963 sọ pé ìdajì owó tó bá wọlé lórí ohun àlùmọ́ọ́nì gbọ́dọ̀ padà sí ẹkùn tí wọ́n ti wà á. Lónìí, ìdá 13 nínú 100 ni òfin kàn sọ pé kò gbọdọ̀ dín.

Owó kòkó ni Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe bẹbẹ. Oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Ó yẹ ká rántí àgbẹ̀ níbẹ̀ o. Iye tí àjọ tó ń ra kòkó ń san fún un kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èrè àárín yẹn ló sì gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ wá wo gómìnà òní. Abala 215 ìwé òfin 1999 sọ pé ó lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀ lórí ààbò ìlú. Abala kan náà tún sọ pé kọmíṣọ́nà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà tó Ààrẹ létí kí òun tó ṣe é. Bí ẹni tí a pàṣẹ fún bá lè ní ká dúró ná, kí òun lọ gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn, ṣé àṣẹ la lè pe ìyẹn? Nígbà tí àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2020, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi sọ pé kò bófin mu. Òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe lẹ́yìn náà ló gbé e ró.

Ti owó náà ń kọ́? Lóṣooṣù ni àwọn kọmíṣọ́nà ètò ìnáwó láti gbogbo ìpínlẹ̀ ń bá ìjọba àpapọ̀ jókòó láti pín owó tó wọ àpò àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ tí kò bá rí ìpín yẹn gbà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní lè san owó oṣù.

Bí ẹkùn bá dára tó bẹ́ẹ̀, ta ló ní kí wọ́n pín in?

Àwọn tí ẹkùn ń ni lára ni. Èyí ni ibi tí àwa ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ dúró lé nígbà tí a bá ń pọ́n ayé ìjọun. Ẹ̀yà ńlá kan ló ń darí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀ sì ń bẹ̀rù. Ní Àríwá, Joseph Tarka àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UMBC, ń béèrè ẹkùn fún Middle Belt, ìyẹn agbègbè àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí. Ní Ìlà-Oòrùn, àwọn èèyàn Calabar, Ogoja àti Rivers ń béèrè tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn Edo, Urhobo àtàwọn mìíràn kò fẹ́ wà lábẹ́ Ìbàdàn mọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Willink wá ní 1957. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé ẹ̀rù àwọn èèyàn yìí kì í ṣe àsọdùn, síbẹ̀ kò ní kí wọ́n dá ẹkùn tuntun kankan sílẹ̀.

Ní oṣù keje 1963, àwọn ará Mid-West, ìyẹn àwọn Edo, Urhobo àtàwọn mìíràn yẹn, dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n sì jáwé olúborí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ẹkùn wọn dúró. Ó dun ọ̀pọ̀ Yorùbá pé ẹkùn tiwa nìkan ni wọ́n gé, lásìkò tí Awólọ́wọ̀ ń jẹ́jọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan Àríwá tó tóbi jù lọ. Ẹ̀dùn ọkàn yẹn tọ́. Ẹ̀tọ́ àwọn ará Mid-West náà tọ́, kò sì yẹ ká fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ìpínlẹ̀ tó kù ńkọ́?

Àwọn ológun ló pín wọn. Gowon kéde ìpínlẹ̀ 12 ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí Ojukwu tó kéde Biafra. Ó di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, àti 36 ní 1996. Wọn ò gbé àpótí ìdìbò kalẹ̀ fún ìkankan nínú wọn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìlú ló bẹ̀bẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tiwọn. Inú àwọn ará Ọ̀ṣun àti Èkìtì dùn gan-an nígbà tí tiwọn dé. Àmọ́ ẹni tó fi òfin ológun fúnni ní ìpínlẹ̀ náà ló ń pinnu ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe.

Ṣé ìpínlẹ̀ lè pín ara rẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ bó ṣe fẹ́?

Ìpínlẹ̀ Èkó dán an wò. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló ní nínú ìwé òfin. Lábẹ́ gómìnà Bọ́lá Tinúbú, ó sọ wọ́n di 57. Ìjọba àpapọ̀ ti owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mọ́lé. Ní oṣù kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ohun tí Èkó ṣe kò burú, àmọ́ kò tíì parí títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i, pé Ààrẹ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti di owó náà mú. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí Ọbásanjọ́ kúrò lórí àlééfà ní 2007 ni owó náà tó jáde tán. Àwọn 37 tuntun yẹn di àgbègbè ìdàgbàsókè tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé òfin.

Ṣé ohun kan náà ni ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn àti Orílẹ̀-èdè Yorùbá?

Rárá. Ìyapa ni èkejì. Ẹni tó ń béèrè ẹkùn ṣì fẹ́ wà ní Nàìjíríà.

Ǹjẹ́ nǹkan kan ti ń yí padà?

Díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹta 2023, àtúnṣe ìwé òfin jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí ọkọ̀ ojú irin, ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti iná mànàmáná, títí kan ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti kọjá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Àbújá bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣẹ́ náà lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Enugu, Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ní tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́wàá lọ, nítorí ará Èkìtì tí kò bá ríná ti mọ ilé ìjọba tó yẹ kó lọ béèrè, n'Ádó níbẹ̀.