Nọ́sìrì ẹ̀fọ́ inú ilé

Nọ́sìrì ẹ̀fọ́ inú ilé ni gbígbin kóró ẹ̀fọ́ sínú abọ́ tàbí ike lábẹ́ òrùlé, kí a sì tọ́jú èhù rẹ̀ títí yóò fi lágbára tó láti ṣí lọ sínú ọgbà nígbà tí àsìkò bá tó. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, wọ́n máa ń gbin tìmátì báyìí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ìrì dídì tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní Èkó, níbi tí ooru kò ti wọ́n, ohun tí a ń sá fún ni àgbàrá òjò, oòrùn ọ̀sán, ìgbín àti àrùn inú ilẹ̀.

Àsìkò àti ìmọ́lẹ̀

Òjò Èkó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Nítorí náà, oṣù Kìíní ni a ń gbin kóró ata rodo àti tàtàṣé, tí wọ́n ń lo bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 nínú abọ́. Tìmátì, tí kò ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, lè dúró di oṣù Kejì. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò nọ́sìrì, torí orí bẹ́ẹ̀dì ni a sábà máa ń fọ́n wọn sí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Mushin, níbi tí ilé ti fara ti ilé, èhù tí kò rí ìmọ́lẹ̀ tó á ga tẹ́ẹ́rẹ́, á sì tẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé.

Àrùn tó ń pa èhù

Àrùn tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣọ́ra fún ni ìjẹrà ìdí èhù, èyí tí Pythium àti Rhizoctonia sábà máa ń fà. Olú ni Rhizoctonia. Pythium jọ olú, àmọ́ ìran mìíràn ni. Omi ni ọ̀nà tí Pythium ń gbà rìn: àwọn ọmọ rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ní ìrù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín yẹ̀pẹ̀ tó rin gbingbin, títí wọn yóò fi kan gbòǹgbò. Ìdí nìyí tí ihò ìsàlẹ̀ abọ́ fi ṣe pàtàkì ju ajílẹ̀ lọ. Ìdí èhù tí àrùn yìí bá mú á rọ̀, á tínrín bí òwú, èhù náà á sì wó lulẹ̀. Kò sí ohun tó lè gbé e dìde mọ́. Ìdènà ni kí a mú yẹ̀pẹ̀ gbóná dé bí 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún 30 ìṣẹ́jú, kí ó tutù kí a tó gbin nǹkan sí i, kí a má gbin kóró há ara wọn, kí a sì máa bu omi ní òwúrọ̀, kí ojú yẹ̀pẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yanrìn máa ń jẹ́ kí omi tètè ṣàn lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a kó létí òkun ní iyọ̀, a sì gbọ́dọ̀ ṣàn án dáadáa.

Bakitéríà Ralstonia solanacearum, tó ń mú tìmátì, ata àti ìgbá rọ nígbà tí ewé wọn ṣì tutù, lè bá èhù láti inú yẹ̀pẹ̀ nọ́sìrì dé ọgbà, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣíṣí lọ sí ọgbà

Fún ọjọ́ 7 sí 10, a máa ń gbé àwọn abọ́ síta díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn má baà jó ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń ṣí èhù lọ, pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀.